Owó Oṣù Kì Í Ní Aago

Orí búrẹ́dì ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Ìyá Ìbéèrè pín búrẹ́dì tó wà nílé. Ó gbé inú rẹ̀ tó rọ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀ tí eyín rẹ̀ ti dínkù, ó fún ọmọ ní èyí tó jóná díẹ̀ létí nítorí ọmọ náà fẹ́ràn èèpo, ó gbé èyí tó tóbi jù síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì wé tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ó tì í bọ àpò.

"Ṣé o ò ní jókòó jẹun ni?" ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ìgbà wo lẹ rí mi gbẹ̀yìn tí mo jókòó jẹun nínú ilé yìí?"

"Mo kàn béèrè ni o."

"Èmi náà kàn dáhùn ni."

Ọmọ wọn gbójú sókè. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ìbéèrè kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni kò ti fún ẹnu rẹ̀ nísinmi. Bí kò bá bi ọ́ pé ta ló kọ́ ẹja ní lúwẹ̀ẹ́, á bi ọ́ pé ta ló kọ́kọ́ sùn láyé. Àwọn ará ilé ló fún un lórúkọ yẹn, orúkọ náà sì ran ìyá àti bàbá rẹ̀ bí ọ̀fìnkìn.

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀ ń jà ni?"

"A ò jà. Jẹ búrẹ́dì ẹ."

Irọ́ ni. Wọ́n ń jà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ti jókòó sáàárín tọkọtaya náà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Alágbàfọ̀ ni Ìyá Ìbéèrè ní ọsibítù ńlá, aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn ló máa ń lọ̀, olóṣù sì ni. Òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní ìsàlẹ̀ títì wá ń wá ẹni tó mọ aṣọ lọ̀, àmọ́ owó wákàtí ni wọ́n ń san. Bí èèyàn bá ṣe wákàtí kan, á gba owó wákàtí kan. Bó bá ṣe mẹ́wàá, á gba ti mẹ́wàá. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni owó ń wọlé, kò dìgbà tí oṣù bá parí. Bí a bá sì fi wé ohun tí wákàtí kan já sí ní ọsibítù, ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni wọ́n, ti òtẹ́ẹ̀lì ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò sí ìsinmi olówó níbẹ̀, kò sí káàdì ìwòsàn, ọjọ́ tí ara bá sì kọ̀, àpò náà kọ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kó fún àwọn lésì kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀hún ló wá mọ́ yìí.

"Ohun tí mò ń sọ ni pé owó oṣù lowó," ni Bàbá Ìbéèrè wí. Káfíńtà ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tirẹ̀. "Bí òjò rọ̀, bí ọ̀dá dá, owó oṣù mọ ọ̀nà ilé. Wo èmi. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn, a jẹran. Kó tó di pé ẹlòmíràn á tún fẹ́ ṣe fèrèsé, ìrètí la ó máa fi se ọbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń fò nínú ilé, ó yẹ kí ẹnìkan dúró sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń fò, èmi ni mo dúró. Ó dáa. Ṣé ẹ mọ ibi tí mo dúró sí? Ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù ni. Aago ìṣíwọ́ á lù, ọ̀gá á ní ká ṣì dúró díẹ̀. Díẹ̀ yẹn á di alẹ́, kò sì ní sí owó kankan lórí ẹ̀. Eyín iwájú ọmọ yìí bọ́, ẹnu Ìyá Ọlọ́ṣẹ tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti gbọ́!"

Ìbéèrè la ẹnu kí wọ́n lè rí àlàfo eyín náà. Kò sẹ́ni tó wò ó.

"Oògùn Ìyá ńkọ́?" ni Káfíńtà wí jẹ́jẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa ń dé tó fi ń dúró lójoojúmọ́. Káàdì ìwòsàn ìyàwó ni wọ́n fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ. Ìyá Àgbà ki búrẹ́dì rẹ̀ bọ tíì, ó gbé e sẹ́nu, ó ń wo ògiri.

"Ẹ má fi Ìyá dí mi lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́. Bí owó oṣù bá dùn lójú yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ṣe lọ gba tiyín?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Káfíńtà lè fi ebi sùn kó tó pe ẹnikẹ́ni lọ́gàá. Ọkùnrin náà ti búrẹ́dì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó wọ ẹ̀wù, ó jáde. Kò ní ó dàbọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lójú kan náà, àpò lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà tó la ẹnu, kò sì ju kó sọ pé, "Ìbéèrè, bá bàbá rẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ pamọ́. Ebi á pa á bó bá dé."

Ní ẹnu ọ̀nà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ọṣẹ lápá ọ̀tún, ìṣáná àti kànìnkànìn lápá òsì, etí rẹ̀ méjèèjì láàárín.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ìyàwó wa. Mo gbọ́ o."

"Kí lẹ gbọ́ mà?"

"Èmi? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ògiri ilé yìí ló ń sọ̀rọ̀, èmi kàn jókòó tì í ni." Ó to ọṣẹ kan lé èkejì. "Olóṣù ni bàbá àwọn ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, agbòjò ni wọ́n fún wọn. Agbòjò kan, lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn! Àbúrò mi ọkùnrin ní tiẹ̀, oníwákàtí ni. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wákàtí náà bá a kán."

"Èwo wá ni kí n mú nínú méjèèjì, mà?"

"Ṣé èmi ni mò ń lọ aṣọ ni? Ọṣẹ ni mò ń tà. Máa lọ, kí o má bàa pẹ́."

Ìyá Ìbéèrè rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ó rẹ́rìn-ín náà dé ìkóríta kó tó rántí ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín bá gbẹ.

Ẹ̀yìn ọsibítù ni ilé ìfọṣọ wà, níbi tí àwọn tó wá kí aláìsàn kì í dé. Aṣọ á ti inú omi gbígbóná jáde, á kọjá sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, á wá dé ọwọ́ àwọn obìnrin tó tò sídìí tábìlì gígùn. Wọ́n á wọ́n omi sí i, wọ́n á na etí rẹ̀, wọ́n á gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ooru á rọ́ lù wọ́n lójú. Ọ̀gá Gẹ́gẹ́ ni wọ́n ń pe ẹni tó ń darí wọn, nítorí bí sòkòtò rẹ̀ ṣe máa ń gún gẹ́gẹ́, èèyàn lè fi ìlà rẹ̀ gé búrẹ́dì. Àwọn obìnrin náà ló ń bá a lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ kọ̀, kò yí mọ́. Aṣọ tútù ga bí òkè ní igun yàrá. Gbogbo wọn ń wo òkè aṣọ náà, wọ́n sì mọ ohun tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde fún oúnjẹ ọ̀sán, Ìyá Ìbéèrè sáré lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, ló mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà wá. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti bá a, pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó lórí bókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó wọ épírọ́ọ̀nù tuntun, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Ṣé ẹ ti ṣíwọ́ ni?"

"Ṣíwọ́ kẹ̀! Àlejò ò pọ̀ lánàá. Aṣọ tó wà ti tán. À ń retí òmíràn."

"Ìrètí tí ẹ̀ ń retí yìí, ṣé wọ́n ń kà á mọ́ wákàtí?"

Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rín náà ò jáde tán. "Aṣọ tán, aago dúró. Bí a bá sì lọ sílé, tí aṣọ bá dé, ẹni tó bá wà nítòsí ni wọ́n á fún. Torí ẹ̀ la fi jókòó."

"O ò sọ èyí fún mi."

"O ò bi mí." Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú, ó tún wo ilẹ̀. "Mo fẹ́ kí o wá ni. Àárò yín ń sọ mí níbí. Ṣùgbọ́n gbọ́, èyí tí mo sọ kì í ṣe irọ́. Ọ̀sẹ̀ tí àlejò bá kún, bí mo bá ka owó mi tán, mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ni ín. Bí mo bá sì ti parí wákàtí mi, kò sí baba ẹni tó máa ní kí n dúró díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wákàtí tèmi lórúkọ. Tìrẹ ńkọ́?"

Ìyá Ìbéèrè yọ búrẹ́dì àárọ̀ jáde nínú àpò, ó bù ú sí méjì, ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìdajì. Ẹlẹ́rìn-ín sún díẹ̀ lórí bókẹ́ẹ̀tì, wọ́n jọ pín ìjókòó náà, wọ́n jẹun. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tí aago ìṣíwọ́ lù ní ọsibítù, òkè aṣọ náà kò tíì dé ìdajì. Ọ̀gá Gẹ́gẹ́ wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin aya rere, ẹ ṣeun ṣeun. A máa dúró díẹ̀ o."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà nira nìyẹn. Ó máa ń bi wọ́n léèrè ọmọ, ó máa ń kí wọn kú ọ̀fọ̀. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ló ní kó má gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́, ó sì ti rí i pé ó rọrùn láti máa fi ẹ̀rín tọrọ ohun tí kò ní owó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè kan," ni Ìyá Ìbéèrè wí.

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní, "Ọmọ ti ran ìyá!"

"Wákàtí tí a máa ń dúró yìí, èló ni?"

"Èló báwo?"

"Bí ẹnìkan bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ wa. Èló la máa pè é?"

Ọ̀gá Gẹ́gẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di etí tábìlì mú. "Ìyá Ìbéèrè! Owó oṣù kì í ní aago. Àwọn oníwákàtí ló ń ka wákàtí. Ẹbí ni wá níbí."

Ìyá Ìbéèrè lọ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí. Ó ká a, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, ó gbé e lé orí àwọn tó kù. Ó yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná, ó dúró tì í títí ooru rẹ̀ fi rọlẹ̀, ó sì tú okùn épírọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Àwọn ẹbí mi ń retí mi nílé, sà," ó ní. "Ó dàárọ̀."

Àwọn obìnrin tó kù tẹjú mọ́ aṣọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oníkálukú ló mọ ohun tó fi sílẹ̀ nílé, kò sì bínú sí wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn nìkan ló sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bá wa kí Ìbéèrè," ó ní.

Ó yára rìn títí ó fi jáde ní géètì. Lẹ́yìn náà ló ṣàkíyèsí oòrùn. Ọ̀nà tó máa ń gbà lójoojúmọ́ di ọ̀nà tuntun lójú rẹ̀. Wọ́n ti kun ilé tó wà ní ìkóríta ní àwọ̀ ewé, kò sì mọ̀. Igi kan ti yọ òdòdó. Àwọn ọmọ tó máa ń gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn Ìbéèrè nìkan ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀, ó dúró, ó ń gbìyànjú láti mọ èwo ni èwo.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ rí i lókèèrè, ó dìde lórí àpótí. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú mà. Mo ṣíwọ́ ni."

"Ṣíwọ́? Nísinsìnyí tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́?" Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé àyà. "Wọ́n ti lé e o! Yéè, wọ́n ti lé ìyàwó wa!"

Ìròyìn ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyá Àgbà ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi tútù nínú ife. "Má sunkún, ìyàwó mi."

"Mi ò sunkún, Ìyá. Wọn ò lé mi."

"Mu omi ná."

Ìbéèrè yí ìyá rẹ̀ po bí ẹni tó ń wo ẹrù tuntun. "Mọ́mì, ṣé ara yín ò yá ni? Kí ló dé tí oòrùn ṣì wà?"

"Ya ẹnu rẹ, kí n wò ó."

Ọmọ náà la ẹnu gbàgà. Ní ibi tí eyín ti bọ́, eyín tuntun ti yọ orí funfun bíńtín jáde. Ìyá fi ìka kàn án. Ó mímú.

Ó gbé ẹ̀wà kaná, ó ń ṣa ìrẹsì nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé. Ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ló wọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òógùn bò ó lójú.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti sọ fún mi," ó ní. "Má dá ara rẹ lóró. Iṣẹ́ ọsibítù kọ́ ló dá wa."

"Bàbá Ìbéèrè..."

"Jẹ́ kí n sọ tán kó má bàa há mi lọ́fun. Mo ti gba iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ní ilé ìwé Ìbéèrè. Àga àti bẹ́ńṣì wọn ti wó tán, ọ̀gá ilé ìwé ní òun ti ń wá ẹni tí á máa tún wọn ṣe. Àárọ̀ nìkan ni. Bó bá di ọ̀sán, mo lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù ni."

Ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ẹ lọ pe ẹnìkan lọ́gàá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ló le."

Obìnrin náà fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ló jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì sọ fún un láàárín ẹ̀rín pé kò sẹ́ni tó lé òun, pé òun ṣíwọ́ ni, bí gbogbo ọmọ èèyàn ṣe ń ṣíwọ́. Ọkọ rẹ̀ náà wá ibi jókòó sí.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ á pa èèyàn lọ́jọ́ kan," ó ní. Ó nu ojú. "Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ yẹn..."

"Ẹ má bínú. Kò yẹ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí. Ó dáa, o lè gba ti òtẹ́ẹ̀lì báyìí. Èmi ti dúró sílẹ̀. Ìwọ náà fò díẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wá sọ ti bókẹ́ẹ̀tì fún un, ti aago tó ń dúró bí aṣọ bá tán, ti Ẹlẹ́rìn-ín tí ẹ̀rín rẹ̀ kò jáde. Káfíńtà ronú, ó họ orí. Ó ní ṣùgbọ́n owó náà dáa. Ó ní ṣùgbọ́n oògùn Ìyá...

"Kò sẹ́ni tó bi mí," ni Ìyá Àgbà wí láti ẹ̀yìn wọn.

Wọ́n yíjú. Wọn ò mọ ìgbà tó dé ibẹ̀.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ ti ń ju oògùn mi lu ara yín. Èmi ni mò ń gbé e mì, kò sì sí ẹni tó ní, Ìyá, kí lẹ rí sí i. Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí. Bí mo bá lo oògùn náà, ẹ̀jẹ̀ mi a wálẹ̀. Bó bá di alẹ́, tí mo ń wo ilẹ̀kùn, tí ẹni tó gba oògùn náà fún mi kò tíì wọlé, ẹ̀jẹ̀ a tún gòkè. Ẹ mú èyí tó bá wù yín. Àmọ́ ẹ yọ mí kúrò níbẹ̀."

Ó yí padà, ó lọ. Ẹ̀wà ń hó. Tọkọtaya náà kò lè wo ojú ara wọn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Ìbéèrè nu ọwọ́, ó mú fóònù, ó pe obìnrin tó ń gbani síṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó kí i dáadáa. Ó ní, "Ọjọ́ tí aṣọ ò bá sí ńkọ́, mà?"

"Ọjọ́ tí aṣọ ò bá sí, kò sí iṣẹ́."

"Bí a bá jókòó dè é?"

"Ìjókòó kì í ṣe iṣẹ́, màdáámù."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn.

"Kí ló dé?" ni ọkọ rẹ̀ bi í, kò sí ìjà kankan nínú ohùn rẹ̀.

"Ọ̀kan ń jí wákàtí mi lẹ́yìn iṣẹ́, èkejì á máa jí i láàárín iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bá olè tí mo mọ ojú rẹ̀ jà. Bí aago bá ti lù, ilé ni mò ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì ní kí n má wá mọ́..."

"Bẹ́ńṣì wà," ni Káfíńtà wí.

"Bẹ́ńṣì wà."

Gbogbo wọn jókòó jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá Àgbà ló bu oúnjẹ, ti ìyàwó ló kọ́kọ́ bù, ó sì bù ú kún. Ìbéèrè ń ròyìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láti oṣù mélòó kan, ó ń jẹun, ó ń béèrè, ẹnu kan náà ló ń lò fún gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dáhùn. Ó ń dáhùn, ó ń dáhùn, orí rẹ̀ bá rọra tẹ̀ sórí èjìká ọkọ rẹ̀, oorun gbé e lọ pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́. Káfíńtà yọ ṣíbí náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mira.

Ibẹ̀ ni fóònù ìyàwó rẹ̀ ti dún. Wọ́n wo ojú rẹ̀: Ọ̀gá Gẹ́gẹ́ ni. Ìyá Àgbà wo ọmọ rẹ̀, ọmọ wo ìyá. Káfíńtà gbé e sétí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ọkọ rẹ̀ ni... Ó wà nílé. Ó ń sùn... Rárá o, ara rẹ̀ yá. Kò sí ohun tó ṣe é, sà. Ó ṣíwọ́ ni."

Ó gbọ́ ohùn náà fún ìgbà pípẹ́. "Mo gbọ́ yín. Bó bá jí, màá sọ fún un." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Kí ló wí?" ni Ìyá Àgbà bi í.

"Wọ́n ní kó wá rí àwọn ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé."

Ìbéèrè pàápàá pa ẹnu mọ́. Ìyá Àgbà tú ìborùn rẹ̀, ó nà án bo ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ò mú.

"Ọjọ́ Ajé ò tíì dé," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó sùn."